Mẹ́rin kí ni? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní káńtà nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ apòògùn ní Houston

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá àgbà kan wọ ilé ìpòògùn tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston. Ó gbé ìgò òfìfo kan kalẹ̀ sórí káńtà, ó ní oògùn òun ti tán. Oògùn ọjọ́ 28 ni. Ọjọ́ 7 péré ló sì pé tí wọ́n gbà á. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ka hóró oògùn ọ̀hún sínú ìgò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣojú rẹ̀ níbi ìkọ́ṣẹ́ kó tó parí. Ojú ìwé méjì ni mo kọ fún tíṣà wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà fi ṣẹlẹ̀, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà pé ó yẹ kí n tún un kọ ní èdè yìí, kí n sì kọ ọ́ dé ìdí. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìyá náà mọ̀. Òfin ilẹ̀ yìí kì í fi àṣírí aláìsàn ṣeré, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àlhájà ni màá máa pè é, torí ohun tí mo ń pè é lójú ara rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo kí n tó wá bá ọkọ mi ní Amẹ́ríkà. Mo ti pé ọdún 43 nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ pharmacy technician, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ apòògùn, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà ládùúgbò wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní community college. Kò gba ọdún mẹ́rin bíi yunifásítì, owó rẹ̀ kò sì ju agbára wa lọ. Kí n má parọ́, mo rò pé iṣẹ́ kíka oògùn sínú ìgò lásán ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni tíṣà wa ti gba èrò yẹn kúrò lọ́kàn mi.

Kò tíì kọ́ wa ní nǹkan kan tó fi sọ ọ̀rọ̀ Emily Jerry fún wa, ọmọ ọdún 2 tó kú ní Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 2006. Olùrànlọ́wọ́ apòògùn ló po oògùn jẹjẹrẹ ọmọ náà. Omi iyọ̀ tó yẹ kó fi pò ó, 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára rẹ̀, 23.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára èyí tó lò. Tíṣà wa ní ká mú bírò, ká fi 0.9 pín 23.4. Gbogbo wa ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 26. Ó ní ká kọ 26 yẹn sí ẹ̀yìn ìwé wa, ká má pa á rẹ́ títí a ó fi jáde. Apòògùn tó yẹ iṣẹ́ náà wò tó sì fọwọ́ sí i pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Nígbà yẹn, Ohio kò ní òfin tó sọ pé kí olùrànlọ́wọ́ apòògùn kọ́ṣẹ́ tàbí kó forúkọ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan oògùn. Ikú ọmọ yẹn ló bí òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè lọ́dún 2009.

Ní Texas tiwa, o kò gbọdọ̀ dé ẹ̀yìn káńtà láìní ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ látọ̀dọ̀ Texas State Board of Pharmacy, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìpòògùn. Wọ́n á tẹ ìka rẹ, wọ́n á wá ìwà rẹ wò bóyá o ti dá ọ̀ràn rí. Ọdún 2 ni ìwé náà ń lò, wọn kì í sọ ọ́ dọ̀tun. Kí ọdún méjì náà tó pé, o gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìdánwò ìjẹ́rìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ò lè máa bá iṣẹ́ náà lọ. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń pè mí látilé láti béèrè pé ṣé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Rárá o.

Ìdajì àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ náà, inú kíláàsì ni. Orúkọ oògùn 200 ni wọ́n ní ká mọ̀ lórí, orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un àti orúkọ gan-an tó ń jẹ́. A kọ́ bí hydroxyzine, tó wà fún ara yíyún, ṣe fara jọ hydralazine, tó wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ibi tí orúkọ méjèèjì ti yàtọ̀ síra kí ojú má baà tàn ẹ́. A kọ́ pé èèyàn kò gbọdọ̀ kọ 1.0 nígbà tó bá fẹ́ kọ 1, torí bí ojú kò bá rí àmì tó wà láàárín, ó ti di 10 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 0.5 kò gbọdọ̀ di .5. Ìṣirò kò bà mí lẹ́rù rárá. Bí dókítà bá kọ amoxicillin fún ọmọ tó wúwo tó 40 pọ́ùn, pé kó máa gba mílígíráàmù 45 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, kí wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sókè: fi 2.2 pín 40 kó di kílò, sọ ọ́ di ìlọ́po 45, pín in sí méjì, bíi mílígíráàmù 409 lẹ́ẹ̀kan. Bí omi oògùn náà bá ní 400 nínú mílílítà 5, mílílítà 5 àti díẹ̀ ni ṣíbí kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń jókòó tì mí lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò.

Ibi tí mo ti ṣubú, ìbéèrè kékeré kan ni. Methotrexate, hóró mílígíráàmù 2.5, hóró 16 nínú ìgò. Aláìsàn yóò máa lo hóró 4 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Oògùn ọjọ́ mélòó ni? Mo kọ 4, mo sì kọjá síwájú. Nígbà tí tíṣà wa dá ìwé padà, ó ti fi bírò pupa yí 4 mi ká, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mẹ́rin kí ni?

Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo ní 16 tá a bá fi 4 pín in, 4 náà ni lójoojúmọ́ ayé. Ó ní òótọ́ ni, ọ̀sẹ̀ 4 ni, àmọ́ ohun tí mo kọ sílẹ̀ lábẹ́ ìbéèrè ọjọ́ yẹn, ọjọ́ 4 ni. Ó fà mí jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ó ṣàlàyé fún mi. Methotrexate kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń fi ṣe àṣìṣe. Bí wọ́n bá fún èèyàn lọ́pọ̀, oògùn jẹjẹrẹ ni. Bí wọ́n bá fún un ní kékeré, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ó ń tu àwọn tí oríkèé wọn ń wú tó ń ro wọ́n nítorí àìsàn rheumatoid arthritis lára. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé ó ń dí lílo folic acid lọ́wọ́ nínú ara, folic acid yìí sì ni ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń yára wáyé jù ló máa kọ́kọ́ fara gbá a: mùdùnmúdùn inú eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, awọ inú ẹnu, awọ inú ìfun. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ dípò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè kú, àwọn èèyàn sì ti kú báyẹn rí, kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀ débẹ̀, ó ní, "Bí ẹnu bá ti ń bó, kọ̀ǹpútà kọ́ lo máa wò mọ́."

Níbi ìkọ́ṣẹ́, àwo tá a fi ń ka methotrexate yàtọ̀. Àwo oògùn tó kù jẹ́ búlúù. Tirẹ̀ funfun, wọ́n fi tépù pupa sí i létí. Ìbọ̀wọ́ la fi ń kà á, a ó sì nu àwo náà lẹ́yìn ìlò kí eruku rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ oògùn ẹlòmíràn. Hóró kéékèèké ni, àwọ̀ yẹ́lò. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ fà wọ́n ní márùn-ún márùn-ún: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi ẹyọ kan lé e. Mo lẹ bébà mọ́ ara ìgò. Ohun tó wà lára bébà náà tọ̀nà: hóró 4 ní ẹnu, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: once weekly. Apòògùn yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin kan wá gbà á látinú ọkọ̀, ní fèrèsé ìta. Apòògùn bá a sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn, ó sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni o, kì í ṣe ojoojúmọ́, torí ní Texas níbí, apòògùn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé oògùn tuntun fún ẹni tó bá wá gbà á. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń lọ. Ó gbé àpò náà sórí tábìlì ilé, ó jáde.

Ọjọ́ 7 lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ dúró níwájú mi, ó wọ súwẹ́tà lé bùbá, ó ta gèlè funfun mọ́rí. Mo tẹ orúnkún lẹ́yìn káńtà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà."

Ojú rẹ̀ là. "Háà! Ọmọ wa ni ẹ́! Alhamdulillah. Mo ti rò pé màá tún máa fọwọ́ júwe ni. Oògùn mi ló tán o. Láti ọjọ́ Ajé ló ti tán, ọmọ mi ò ráyè gbé mi wá."

Mo bi í ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìṣúránsì dá a padà lójú ẹsẹ̀: nọ́ńbà 79, ìyẹn ni pé kò tíì tó àsìkò àtigbà á. Ojoojúmọ́ la ń rí nọ́ńbà yẹn. Ohun tá a sábà máa ń ṣe ni pé ká wo ọjọ́ tí ẹ̀rọ fún wa, ká sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lọ́jọ́ náà. Èèyàn bíi márùn-ún ló tò sẹ́yìn Àlhájà. Fóònù ń dún. Ẹnu mi ti ń là láti sọ pé, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní mà." Mo gbé ìgò náà láti ka nọ́ńbà ara rẹ̀ ni mo rí 16, mo rí 4. Láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́rin ni.

Tíṣà wa ti sọ ààlà rẹ̀ fún wa láìmọye ìgbà. Olùrànlọ́wọ́ apòògùn lè béèrè, ó lè gbọ́, ó lè kọ sílẹ̀. Kò lè dáhùn bí wọ́n bá bi í pé báwo ni kí n ṣe lo oògùn yìí, ṣé kí n dá a dúró, ṣé òun ló ń ṣe mí báyìí. Apòògùn nìkan ló ni ìyẹn. Mo béèrè.

"Báwo lẹ ṣe ń lò ó mà?"

"Mẹ́rin láràárọ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wánsì ni wọ́n kọ, ṣebí mo mọ wánsì." Ó tọwọ́ bọ báàgì, ó kó ìgò méjì míì jáde, ó tò wọ́n ti èyí tó ṣófo. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìkejì folic acid. "Wò ó, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wánsì. Ti èyí náà, wánsì." Ó gbé ìka lé ètè. "Àmọ́ ṣé kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kí ẹnu máa ta mí báyìí? Omi lásán tí mo bá mu, àfi bíi pé mo fi rodo yọ́ ẹnu."

Ìgò mẹ́ta, gbogbo wọn ní àwọ̀ ọsàn kan náà, ìdérí funfun kan náà. Méjì nínú wọn jẹ́ ti ojoojúmọ́. Hóró folic acid náà kéré, òun náà yẹ́lò. Ọ̀rọ̀ tó ya ìgò kẹta sọ́tọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ó wà ní ìparí ìlà, ó kéré ju èékánná mi lọ.

Ara mi tutù. Mo mọ ohun tó yẹ kó gbọ́, mo sì mọ̀ ọ́n ní èdè rẹ̀. Èmi tí mo wà níwájú rẹ̀ ni mo lè fi gbólóhùn kan sọ ọ́, kó yé e yékéyéké. Ilé ni Àlhájà ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra oògùn, èmi náà mọ̀ ọ́n. Nílé, ẹni tó bá dúró ní kẹ́míìsì ló ń sọ gbogbo rẹ̀: mu méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, má fi mu ọtí. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé ta ló fún ẹ láṣẹ. Bí àgbà bá bi ọmọ ní ìbéèrè tí ọmọ mọ̀, tí ọmọ wá dákẹ́, kí la ń pe ìyẹn lọ́dọ̀ wa? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó díẹ̀. Mo fẹ́ pe ọ̀gá mi, apòògùn ni wọ́n."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ló dé? Ìwọ náà ò lè sọ fún mi ni?"

"Àwọn ló yẹ kí wọ́n bá yín sọ ọ́ mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò rẹ̀ padà sínú báàgì. Ó ní ọmọ òun ń dúró nínú ọkọ̀, ó ní kò burú, òun á padà wá lọ́jọ́ míì. Ó yí padà, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Mo jáde láti ẹ̀yìn káńtà. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó tò. "Àlhájà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì lọ. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Mi ò dárúkọ oògùn. Mi ò sọ pé ẹ má lò ó mọ́. Ohun tí òfin kò jẹ́ kí n fi ẹnu sọ, orúnkún mi sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Dìde, dìde, ọmọ mi. Ó ti tó." Ó lọ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Apòògùn wa, obìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Vietnam, wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ́fíìsì dókítà kan. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, nọ́ńbà ni kó ṣáájú. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo ní: methotrexate, hóró 16, ọjọ́ 7, mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ 4, ó ti tán, ẹnu ń bó. Ó gbé fóònù kalẹ̀ láì tilẹ̀ dágbére fún ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó bi mí bóyá mo lè máa túmọ̀ fún òun. Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti mirí, ó ní rárá, ó ti ń tẹ nọ́ńbà àwọn ògbufọ̀ orí fóònù. Ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá kí wọ́n tó rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ó dùn mí díẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo rí i pé òun ló jàre. Àlhájà béèrè pé, "Ṣé ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni ó yẹ kí n máa lò ó, kì í ṣe ojoojúmọ́?" Ohun tí ògbufọ̀ náà sọ fún apòògùn ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé ṣé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ni Àlhájà ń sọ: lọ́dọ̀ wa, a máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, Jímọ́ọ̀ sí Jímọ́ọ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ara mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ẹnu kíákíá sì lèmi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n sọ pé ọjọ́ 8, kí apòògùn sì kọ ọjọ́ 8 sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé gbígbọ́ èdè ti tó láti jẹ́ ògbufọ̀ oògùn, kó ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ yẹn wò.

Apòògùn bi í bóyá ibà ń ṣe é, bóyá ó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbì kankan, bóyá ó ń bì, bóyá ó ń tọ̀ dáadáa, bóyá èémí rẹ̀ já gaara. Ó ní kó ya ẹnu. Ó pe ibùdó ọ̀rọ̀ májèlé, Poison Control, nọ́ńbà 1-800-222-1222 tó wà káàkiri Amẹ́ríkà, kódà ó wà lára ògiri wa. Mo ti máa ń wò ó lójoojúmọ́ láìkà á sí. Ó pe ọ́fíìsì dókítà oríkèé tó kọ oògùn náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ibi méjèèjì sọ: ilé ìwòsàn, nísinsìnyí, kí wọ́n má padà sílé. Wọ́n pe ọmọ Àlhájà wọlé. Nígbà tí apòògùn ṣàlàyé fún un, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ń sọ pé, "Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, mo kàn gbàgbé láti sọ fún wọn ni." Ìyá rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Wọ́n dá Àlhájà dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí ọmọ rẹ̀ wá sọ fún wa lẹ́yìn náà ni pé iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, wọ́n fún un ní leucovorin, oògùn tó máa ń gba ara sílẹ̀ lọ́wọ́ methotrexate, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò lóòrèkóòrè títí ó fi gbé kánkán. Ó padà sílé. Dókítà rẹ̀ gba methotrexate lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ó fi oògùn mìíràn rọ́pò.

Ní ilé ìpòògùn, ọ̀gá wa pè wá jọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò wá ẹni tó máa dá lẹ́bi, mo sì dúpẹ́ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí gbogbo wa la mọ̀ pé bébà ara ìgò náà tọ̀nà, apòògùn ṣàlàyé, ọmọ gbọ́. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti rú òfin. Síbẹ̀ obìnrin kan fẹ́ẹ̀ kú. Ohun tí wọ́n yí padà jẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì kéré lójú. Bébà ara ìgò methotrexate yóò máa dárúkọ ọjọ́ kan pàtó, bíi ọjọ́ Ẹtì. Yóò máa sọ ohun tó wà fún, pé oríkèé ni. Yóò sì máa sọ pé kì í ṣe ojoojúmọ́. Kọ̀ǹpútà yóò dá ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ojoojúmọ́ sí i dúró. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, a ó kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí apòògùn lè pe ilé, kó bá ẹni tó máa gbé oògùn náà sẹ́nu gan-an sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ògbufọ̀. Mo mọ àwọn tó máa sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún irú ìpè bẹ́ẹ̀. Mo ti rí bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Mo ṣì gbà pé ìpè yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Tíṣà wa ka ìwé tí mo kọ. Mo ti ń retí pé yóò yìn mí fún kíkúnlẹ̀ yẹn tàbí kó bá mi wí nítorí rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó fi bírò pupa kọ ni pé mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí mo sáré jáde, tí orúkọ àti oògùn ìyá náà sì wà lójú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó tò láti kà. Òótọ́ ni. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mi ò tẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, ọwọ́ mi máa ń tẹ bọ́tìnì ìtìpa kí ẹsẹ̀ mi tó gbéra.

Mo ṣe ìdánwò PTCB, ìyẹn ìdánwò ìjẹ́rìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Dọ́là 129 ni owó rẹ̀. Ìbéèrè 90 ni, 80 nínú wọn ni wọ́n ń kà sí máàkì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n fún wa. Ẹni tó bá gba 1400 nínú 1600 ti yege. Mo yege. Níbi gbogbo tí ìdáhùn bá ti jẹ́ nọ́ńbà, mo ń gbọ́ ìbéèrè pupa yẹn létí mi kí n tó yan ọ̀kan.

Ilé ìpòògùn náà gbà mí síṣẹ́. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ ni Àlhájà wọlé, òun nìkan, ọmọ rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù díẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ le. Mo tẹ orúnkún, mo kí i, ó kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Ó kó ìgò rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí káńtà. Tuntun kan wà láàárín wọn. Ó gbé ìka lé e.

"Pe ọ̀gá rẹ fún mi, ọmọ mi," ó ní. "Sọ fún wọn kí wọ́n pe èkejì wọn tó ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Màá dúró."